Ṣé Wọ́n Á Gbà Mí fún MPH Kí N Tó Wọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Ọmọ Wa ní Amẹ́ríkà

Bí lẹ́tà "ẹ má bínú" bá ti ń dé lọ́tùn-ún lósì láti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni ọ̀rọ̀ MPH máa ń bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé. Ọmọ ti gba oyè àkọ́kọ́, máàkì rẹ̀ kò burú, kò sì dára tó. Ẹnìkan á wá ní kó lọ gba MPH, ìyẹn oyè másítà nínú ìlera àwùjọ (public health), kó fi tún fọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe. Ohun tí ọmọ náà á béèrè ni pé, "Ṣé wọ́n á gbà mí?" Ìbéèrè méjì ló há sínú ọ̀kan yẹn. Èkíní ni bóyá MPH á gbà yín. Èkejì ni bóyá MPH á mú kí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn gbà yín. Ẹ má fi ìdáhùn èkíní dáhùn èkejì. Èkíní rọrùn, èkejì ló ń jẹ owó àti ọdún.

Kí ló dé tí ọmọ mi á fi ka MPH kó tó di dókítà? Nílé, àwọn tó ti di dókítà ló ń ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ náà ni, Mọ́mì. Ní Nàìjíríà, láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni ọmọ ti ń gba JAMB bọ́ sínú MBBS, ọdún mẹ́fà, ó di dókítà. Ẹni tó bá wá fẹ́ràn ìlera àwùjọ á padà lọ kà á lẹ́yìn náà. Ọ̀nà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adétòkunbọ̀ Lucas gbà nìyẹn: ó kọ́kọ́ di dókítà, ó lọ sí Harvard, kó tó di pé ó ń darí ètò ìwádìí àrùn ilẹ̀ olóoru ní Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 1976 sí 1986.

Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń lò fún oyè àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tó wá ń du ààyè fún ọdún mẹ́rin mìíràn ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Nínú àwọn tó fẹ́ wọlé fún MD, ìyẹn oyè dókítà, ní 2023, bíi 52,000 ló forúkọ sílẹ̀, bíi 23,000 ló sì wọlé. Àwọn tó kù kò ní ká ọwọ́ gbera. Àwọn mìíràn lọ ṣiṣẹ́, àwọn mìíràn tún MCAT, ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, kọ, àwọn kan sì forí lé MPH.

GPA mi (ìpíndọ́gba máàkì, lórí 4.0) jẹ́ 3.1. Ṣé MPH á gbà mí?

Ó ṣeé ṣe dáadáa, bí ẹ kò bá fi gbogbo fọ́ọ̀mù yín lé ilé ẹ̀kọ́ olórúkọ nìkan lọ́wọ́. 3.0 ni ọ̀pọ̀ wọn fi ṣe ààlà, àwọn kan sì ṣì máa ń ka ìwé ẹni tí kò tó o bí iṣẹ́ tó ti ṣe bá lágbára. Ẹ fi wé àwọn tó wọlé fún MD ní 2023: ìpíndọ́gba GPA wọn jẹ́ 3.77, ti MCAT wọn jẹ́ 511.7. Bí ẹnu ọ̀nà méjèèjì ṣe jìnnà síra tó nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń sọ pé lẹ́tà ìgbaniwọlé MPH kì í ṣe ẹ̀rí pé ìṣègùn ti súnmọ́.

Orúkọ ńlá máa ń ṣi àwọn ọmọ wa lọ́nà níbí. Johns Hopkins, tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìlera àwùjọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1916, kì í sábà gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè àkọ́kọ́ sí MPH rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ ìlera ni wọ́n ń béèrè, ẹni tí kò bá ní i á wo àwọn oyè másítà wọn mìíràn. Nítorí náà, ọmọ tó ní 3.8 lè gbọ́ "rárá" níbẹ̀, kí ẹni tó ní 3.3 tó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta ní ẹ̀ka ìlera ìpínlẹ̀ wọlé. GPA kọ́ ló ṣe ìyẹn.

Ohun kan tí ẹ kò gbọdọ̀ fojú fò ni CEPH, àjọ tó ń fọwọ́ sí àwọn ètò ìlera àwùjọ. Bí CEPH kò bá fọwọ́ sí ètò kan, ẹ fi í sílẹ̀, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti gbà yín lónìí.

Báwo ni mo ṣe lè wọn ara mi kí n tó san owó fọ́ọ̀mù?

Ẹ mú èsì ìdánwò gbogbo yunifásítì tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ rí, títí kan kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò tí ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì méjì péré nígbà tí ẹ ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. SOPHAS, ojú òpó tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìlera àwùjọ fi ń gba fọ́ọ̀mù, máa ń ṣírò GPA tirẹ̀, kò sì bìkítà bóyá yunifásítì yín ti pa máàkì kan rẹ́. Ẹni tó gba C nínú organic chemistry, tó tún un ṣe, tó gba A, méjèèjì ni wọ́n á kà. Mo ti rí àwọn tí GPA wọn jẹ́ 3.2 lórí ìwé yunifásítì wọn tó di 3.0 géérégé lẹ́yìn ìṣirò yìí. Ẹ ṣe ìṣirò náà fúnra yín kí wọ́n tó bá yín ṣe é.

Lẹ́yìn GPA, ẹ wo kọ́ọ̀sì ìṣirò yín. Ìgbìmọ̀ tó ń ka fọ́ọ̀mù mọ̀ pé biostatistics, ìyẹn ìṣirò dátà ìlera, àti epidemiology, ìyẹn ìmọ̀ bí àrùn ṣe ń tàn káàkiri láàárín ènìyàn, ló máa ń gbá ọmọ ẹ̀kọ́ dànù ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́. B+ kan ṣoṣo nínú statistics lè sọ púpọ̀ fún yín ju A márùn-ún nínú nǹkan mìíràn lọ.

Iṣẹ́ ló kàn. Wákàtí tí ẹ fi tẹ̀lé dókítà kiri ní ilé ìwòsàn wúlò fún ìṣègùn, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò níbí. Ohun tí wọ́n ń wá ni ẹni tó ti bá àwùjọ ṣiṣẹ́: ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìkànnì fóònù àwọn tó ń ronú àtigbẹ̀mí ara wọn, ìwádìí nípa oúnjẹ ní àdúgbò tí ọjà kò sí, ẹni tó ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn ìyá àgbà wa tí wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kílíníìkì. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣe é láti kékeré láìgba kọ́bọ̀, wọn kì í sì í kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Ẹ kọ ọ́.

Lẹ́tà ẹlẹ́rìí: ẹni tó mọ iṣẹ́ yín ló dára jù. Pásítọ̀ tàbí dókítà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Dádì kò lè sọ bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ṣé mo nílò GRE (ìdánwò àtiwọlé fún oyè másítà)? Ṣé mo lè fi MCAT dípò rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti jáwọ́ nínú bíbéèrè GRE, pàápàá láti 2020. Àwọn kan máa ń gba MCAT dípò rẹ̀. Bí MCAT yín bá kéré, tí wọn kò sì béèrè, ẹ má fi ránṣẹ́.

Ṣé kí n sọ fún wọn nínú àròkọ pé dókítà ni mo fẹ́ dà?

Ẹ sọ ọ́. Àwọn tó ń kà á kì í ṣe ọmọdé, wọ́n á rí i nínú kọ́ọ̀sì yín: biology, chemistry, physics, MCAT. Ẹni tó bá wá kọ ọ́ bí ẹni pé òun kò gbọ́ nípa ìṣègùn rí á dà bí elékèé. Ohun tó ń ba àròkọ jẹ́ ni pé kí ìlera àwùjọ jẹ́ ibi tí ẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kọjá. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ lọ́dọ̀ wọn tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kò lè kọ́ yín.

Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn láti máa ran ènìyàn lọ́wọ́, MPH á sì jẹ́ kí n di dókítà tó dára." Kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ wá wo èyí: "Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Houston, a máa ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn àgbà lẹ́yìn ìsìn. Àwọn tí tiwọn ga jù kì í ṣe àwọn tí kò mọ̀ pé àwọn ní i. Àwọn tí oògùn wọn ti tán tí wọn kò sì ní inṣọ́ránsì ni. Mo ní orúkọ wọn nínú ìwé pélébé kan, n kò mọ bí mo ṣe lè sọ wọ́n di iye tí ẹnìkan ní ìjọba ìpínlẹ̀ á kà." Ẹni tó kọ èyí ti béèrè ìbéèrè epidemiology kó tó mọ orúkọ rẹ̀. Ó lè wá fi gbólóhùn kan sọ ní ìsàlẹ̀ pé òun máa lọ ṣe dókítà, kò ní pa á lára.

Bí mo bá gba A nínú gbogbo kọ́ọ̀sì MPH, ṣé GPA mi á gòkè fún ìṣègùn?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń já kulẹ̀ nìyí, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

AMCAS, ojú òpó tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ MD fi ń gba fọ́ọ̀mù, máa ń ya máàkì oyè àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára máàkì oyè másítà. Ìlà tirẹ̀ ni MPH ń wà. Bí ẹ gba A ní gbogbo rẹ̀, 3.1 yín ṣì jẹ́ 3.1 lórí ìlà oyè àkọ́kọ́, òun sì ni ojú máa ń kọ́kọ́ lọ sí. AACOMAS, ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ DO (oyè dókítà kejì tó wà ní Amẹ́ríkà), máa ń ya wọ́n sọ́tọ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó tún máa ń pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí GPA kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ ní 3.1 lórí kírẹ́dítì 120, ẹ sì ṣe MPH kírẹ́dítì 42, iye tó kéré jù tí CEPH fàyè gbà, ẹ gba 4.0. Lọ́dọ̀ AMCAS, oyè àkọ́kọ́ jẹ́ 3.1, másítà jẹ́ 4.0. Lọ́dọ̀ AACOMAS, àpapọ̀ jẹ́ 3.33. Ẹ wá fi wé ẹni tí kò lọ fún MPH rárá, tó padà lọ ṣe kírẹ́dítì 30 nínú biology àti chemistry ní ìpele oyè àkọ́kọ́, tó gba 4.0. Àwọn ìyẹn máa ń wọnú ìlà oyè àkọ́kọ́ AMCAS: 3.1 di 3.28. Owó tó ná kéré, ó sì gbé nọ́ńbà tí wọ́n ń wò gan-an sókè.

Ohun mìíràn tún wà. Àwọn ìgbìmọ̀ ìṣègùn mọ̀ pé A wọ́pọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ másítà. Ẹni tí biochemistry dà láàmú ní ọdún kẹta, A nínú ìlànà ètò ìlera kò dáhùn ìbéèrè tí wọ́n ní nípa rẹ̀.

Nígbà náà, kí ni MPH wúlò fún?

Ó wúlò fún ẹni tí máàkì rẹ̀ ti tó, tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, tó sì fẹ́ ìlera àwùjọ gan-an. Ó máa kọ́ ọ láti ka ìwádìí, láti fi kọ̀ǹpútà ṣe ìtúpalẹ̀ dátà, láti mọ ìdí tí ikú ìyá níbi ìbímọ fi pọ̀ láàárín àwọn obìnrin dúdú Amẹ́ríkà ju ti àwọn funfun lọ. Bí ìṣègùn bá kọ̀, oyè tí ẹ fi lè jẹun ló wà lọ́wọ́ yín. Èmi kò kórìíra MPH o. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ẹ rà á bí oògùn fún àìsàn tí kò lè wò.

Fún ẹni tí ìṣòro rẹ̀ jẹ́ sáyẹ́ǹsì, ọ̀nà méjì ló wà: kọ́ọ̀sì ìpele oyè àkọ́kọ́ bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ lókè, tàbí àwọn oyè másítà àkànṣe tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn tó ń lọ sí ìṣègùn. Georgetown àti Boston University wà lára àwọn tó ní i. Ìwé tó dà bí ti ọdún àkọ́kọ́ ìṣègùn ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé bí ẹ bá ṣubú níbẹ̀, ojú gbogbo ayé lẹ ṣubú. Ẹni tí MCAT rẹ̀ ló kéré sì wà: oṣù mẹ́fà pẹ̀lú ìwé ìdánwò ló nílò, kì í ṣe ọdún méjì ní yunifásítì. Ìdánwò náà ń lọ láti 472 sí 528, AMCAS sì máa ń fi gbogbo èsì yín hàn, nítorí náà ẹ má sáré lọ jókòó sí i láìmúra.

Ìgbà wo ni kí n forúkọ sílẹ̀, kí ìṣègùn lè rí máàkì MPH mi?

Kàlẹ́ńdà ló ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ká ní ẹ bẹ̀rẹ̀ MPH ọlọ́dún méjì ní oṣù Kẹjọ 2026. Máàkì sẹ̀mẹ́sítà méjì á ti wà lọ́wọ́ yín ní oṣù Karùn-ún 2027, ẹ fi fọ́ọ̀mù AMCAS ránṣẹ́ ní ìparí oṣù yẹn tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, ẹ parí MPH ní oṣù Karùn-ún 2028, ẹ wọ ìṣègùn ní oṣù Kẹjọ. Ó dán mọ́rán.

Ti ọlọ́dún kan ló ń dàrú. Bí ẹ bá fẹ́ kó já tààrà sí ìṣègùn, àwọn oṣù tó ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ máa fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kò sì sí máàkì kankan nínú rẹ̀. Bí ẹ bá dúró de máàkì, ọdún kan á ṣófo láàárín. Kò burú bí ẹ bá ti wá iṣẹ́ sí i.

Fún MPH fúnra rẹ̀, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń gba ènìyàn díẹ̀díẹ̀ bí fọ́ọ̀mù ṣe ń wọlé, ìrànwọ́ owó sì sábà máa ń lọ fún àwọn tó dé ní oṣù Kejìlá tàbí Ṣẹ́ẹ́rẹ́.

Owó ńkọ́?

Ẹ pe Dádì wá síbí kí wọ́n náà gbọ́. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2025 ti yí ọ̀nà àtiyá owó ìjọba àpapọ̀ padà fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2026. Grad PLUS, ètò ẹ̀yáwó ìjọba tí àwọn ènìyàn fi ń yá gbogbo ohun tó kù, kò sí mọ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ másítà lè yá $20,500 lọ́dún, àpapọ̀ $100,000. Ọmọ ẹ̀kọ́ ìṣègùn lè yá $50,000 lọ́dún, àpapọ̀ $200,000.

Ibi tó ti ń gúnni ni pé iye tí ẹ bá yá fún másítà, wọ́n máa yọ ọ́ kúrò nínú $200,000 náà. Ẹ yá $20,500 lẹ́ẹ̀mejì fún MPH, $41,000 ti lọ, $159,000 ló kù fún ìṣègùn. Ẹ yá $50,000 ní ọdún kìíní, ìkejì, ìkẹta. Tí ẹ bá dé ọdún kẹrin, $9,000 ló kù lọ́dọ̀ ìjọba, báńkì aládàáni lẹ máa wá lọ bẹ̀. Èmi ò ní yá owó ṣe MPH ṣáájú ìṣègùn mọ́ lábẹ́ òfin yìí, àfi bí ilé ẹ̀kọ́ náà bá san púpọ̀ nínú rẹ̀, tàbí tí ibi iṣẹ́ mi ń san án.

Nàìjíríà ni mo ti gba oyè àkọ́kọ́. Ṣé ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀?

Ó yàtọ̀ púpọ̀. Fún MPH, ọ̀nà là: SOPHAS á ní kí WES, àjọ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí òkèèrè wò, yẹ èsì yín wò ní kọ́ọ̀sì kọ́ọ̀sì. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kí yunifásítì nílé tó fi tránsíkírípítì ránṣẹ́, ó lè gba oṣù mélòó kan, ó sì lè gba pé kí àbúrò yín lọ jókòó ti ọ́fíìsì wọn. Second Class Upper kì í sábà fa wàhálà.

Fún ìṣègùn, ọ̀nà há. AMCAS kì í gba tránsíkírípítì yunifásítì òkèèrè, kì í sì í fi í ṣírò GPA. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ MD ń béèrè pé kí ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà, àwọn mìíràn ń béèrè kírẹ́dítì 90. Kọ́ọ̀sì MPH kò sì lè rọ́pò chemistry. Bí ẹ bá wà lórí físà F-1, ti ọmọ ẹ̀kọ́, àwọn ilé ẹ̀kọ́ MD tó ń gba irú yín kò pọ̀, àwọn kan sì fẹ́ kí ẹ fi owó ọdún mẹ́rin hàn ní báńkì. Ohun kan tó dára níbẹ̀ ni pé ẹni tó ka epidemiology tàbí biostatistics sábà máa ń ní ẹ̀tọ́ sí ọdún méjì sí i lórí ọdún kan OPT, àṣẹ láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, tí gbogbo ènìyàn ń gbà. Ẹ bi ọ́fíìsì àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ní ilé ẹ̀kọ́ yín nípa kóòdù ètò náà kí ẹ tó yan ẹ̀ka.

Ẹ̀ka wo ló dára jù fún ẹni tó ń lọ sí ìṣègùn?

Epidemiology, bí ẹ bá lè fara da ìṣirò. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ ló máa ń ní ìwádìí tí ọmọ ẹ̀kọ́ lè bá wọn kọ. Bí ó bá wá jẹ́ pé ètò ìlera tàbí ìhùwàsí ènìyàn ni ọkàn yín wà, ẹ lọ síbẹ̀.

Ṣé kò sàn kí n ṣe MD àti MPH pọ̀?

Fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń béèrè, ó sàn. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn púpọ̀ ló ní i, ọdún márùn-ún ló sábà ń gbà. Ní Tulane, ọdún mẹ́rin náà ni wọ́n ti ń parí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìṣègùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà yín ná.

Bí ìṣègùn bá gbà mí nígbà tí mo ṣì wà láàárín MPH ńkọ́?

Ẹ kú oríire, àmọ́ ẹ má kó ẹrù kúrò níbẹ̀ ná. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan máa ń sọ ọ́ di dandan pé kí ẹni tó wà nínú ètò oyè kan parí rẹ̀ kó tó wọlé, àwọn mìíràn kò bìkítà. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé wọn, ẹ ní kí wọ́n dá yín lóhùn ní ìwé, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni ní MPH sọ̀rọ̀ nípa kíkúrò. Bí wọ́n bá ní kí ẹ parí, ẹ ka kírẹ́dítì tó kù, ẹ bi wọ́n bóyá kọ́ọ̀sì ìgbà ooru lè kó o tán ṣáájú oṣù Keje, nítorí pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù yẹn, wọn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.